Agbẹ́jọ́ Ẹnìkan Dájọ́: Lórí Ìdájọ́ Orin Tí Etí Wa Kọ̀

Àwọn àgbà sọ pé agbẹ́jọ́ ẹnìkan dájọ́, òṣìkà ènìyàn ni. Òwe yìí kò ṣàjèjì sí ẹnikẹ́ni nínú wa, láti Kétu títí dé Ṣábẹ̀ẹ́, láti Àjàṣẹ́ títí dé àwọn abúlé wa ní ilẹ̀ Tógò. A máa ń pa á nígbà tí ìjà bá bẹ́ sílẹ̀ láàárín tọkọtaya, tàbí nígbà tí ẹ̀gbọ́n àti àbúrò bá ń du ilẹ̀ baba wọn. Ṣùgbọ́n ó ṣọ̀wọ́n kí a tó rántí rẹ̀ nígbà tí ohun tí a fẹ́ dá lẹ́jọ́ bá jẹ́ iṣẹ́ ọnà: orin, àwòrán tàbí ìwé. Nínú irú ẹjọ́ bẹ́ẹ̀, ẹnu wa máa ń yá ju etí wa lọ. Ìbéèrè tí a fẹ́ gbé yẹ̀ wò nínú àròkọ yìí ni pé: gbèsè wo ni onídàájọ́ jẹ iṣẹ́ ọnà tí kò bá a lára mu? Àpẹẹrẹ tí ó le jù lọ nínú èyí tí a mọ̀ ni a ó mú, èyíinì ni orin tí wọ́n ń pè ní thrash àti death metal. Bí òfin ìdájọ́ kan bá lè dúró lórí irú orin bẹ́ẹ̀, a gbà pé yóò lè dúró lórí púpọ̀ nínú ohun mìíràn.

A kò ṣàdédé yan àpẹẹrẹ yìí. Ẹ̀bi wa ni ó mú un wá.

Ní ọdún díẹ̀ sẹ́yìn, a fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ wa ní iṣẹ́ àṣetiléwá kan: kí olúkúlùkù yan iṣẹ́ ọnà tí ó fẹ́ràn, kí ó sì ṣàlàyé fún ẹni tí kò mọ iṣẹ́ náà rí ìdí tí ó fi dára. Àwọn kan kọ nípa Gẹ̀lẹ̀dẹ́, àwọn kan nípa ìwé ìtàn tí a jọ kà ní kíláàsì, àwọn mìíràn nípa orin Angélique Kidjo. Ọmọkùnrin kan tí kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀ kọ ojú ìwé mẹ́rin nípa àwo orin death metal kan. A ka ojú ìwé àkọ́kọ́, a fò lọ sí ìparí, a sì fi gègé pupa kọ ọ́ sí etí ìwé náà pé: «Ariwo ni èyí, kì í ṣe orin.» A fún un ní 6 nínú 20.

Nígbà tí a dá àwọn ìwé náà padà, ọmọ náà dúró títí àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ fi jáde tán. Ó sún mọ́ tábìlì wa, ó káwọ́ sẹ́yìn, ó ní: «Monsieur, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú. Ṣé ẹ ti gbọ́ àwo náà?» A kò tíì gbọ́ ọ. A kò lè purọ́ fún un, a kò sì fẹ́ jẹ́wọ́. A ní kí ó máa lọ.

Ìgbà tí ó yá ni a gbọ́ ohun tí ó ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn náà. Ọmọ yìí àti àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ méjì ti fi oṣù púpọ̀ gba orin tiwọn sílẹ̀ sínú fóònù, orin mẹ́fà. Baba rẹ̀ rí gègé pupa wa, ó gba fóònù náà lọ́wọ́ rẹ̀, ó sì pa gbogbo orin náà rẹ́, nítorí pé olùkọ́ ti sọ pé kì í ṣe orin. A kò lè dá baba náà lẹ́bi. Ó gba ìdájọ́ wa gbọ́ ju bí àwa tìkára wa ti gbà á gbọ́ lọ. Ọjọ́ tí a gbọ́ ìròyìn yìí ni a tó jókòó láti gbọ́ àwo orin náà, a sì gbọ́ ọ̀pọ̀ mìíràn lẹ́yìn rẹ̀. Ohun tí etí wa kọ́ ni a ń kọ síhìn-ín.

Orin wo ni èyí?

Ó yẹ kí a kọ́kọ́ mọ ẹni tí a pè lẹ́jọ́. Ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 1980 sí 1985 ni orin thrash dìde ní Amẹ́ríkà, pàápàá ní ìpínlẹ̀ California, láàárín àwọn ọ̀dọ́ tí wọ́n fẹ́ràn orin gìtá wíwúwo ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, tí wọ́n sì fẹ́ kí ó máa sáré bí orin punk. Ní 1983, ẹgbẹ́ Metallica gbé àwo Kill 'Em All jáde. Ní ọdún kan náà, Slayer gbé Show No Mercy jáde. Àwọn ẹgbẹ́ Kreator, Sodom àti Destruction sì ń ṣe tiwọn ní Jámánì. Inú thrash ni death metal ti yọ. Possessed gbé Seven Churches jáde ní California ní 1985. Ẹgbẹ́ tí ó ń jẹ́ Death, tí Chuck Schuldiner dá sílẹ̀ ní Florida, gbé Scream Bloody Gore jáde ní 1987. Lẹ́yìn náà ni ìlú Tampa ní Florida di ibùdó orin yìí nítorí ilé ìgbohùnsílẹ̀ Morrisound tí ó wà níbẹ̀. Ìlú Stockholm ní ilẹ̀ Swídìn náà ní ibùdó tirẹ̀, Sunlight, níbi tí ẹgbẹ́ Entombed ti ṣe Left Hand Path ní 1990.

Nínú orin yìí, wọ́n máa ń dẹ okùn gìtá kí ohùn rẹ̀ lè wúwo, wọ́n sì máa ń mọ̀ọ́mọ̀ sọ ohùn náà di híhá bí ẹni ń fi ayùn gé irin. Ìlù a máa sáré débi pé ẹni tí kò mọ̀ ọ́n kò ní lè kà á. Nínú death metal, akọrin kì í kọrin gẹ́gẹ́ bí a ti mọ orin kíkọ. Ó ń bú ramúramù láti ìsàlẹ̀ ọ̀fun. Ọ̀rọ̀ inú orin a sì máa dá lórí ogun, ikú, àìsàn àti ìbẹ̀rù.

Wọ́n ń pe púpọ̀ nínú rẹ̀ ní orin abẹ́lẹ̀. Kì í ṣe pé àwọn olórin náà ń sá fún ọlọ́pàá. Ohun tí ọ̀rọ̀ náà túmọ̀ sí ni pé orin wọn kò gba ọjà ńlá kọjá. Kí íntánẹ́ẹ̀tì tó dé, àwọn ọ̀dọ́ máa ń gba orin wọn sórí kásẹ́ẹ̀tì, wọn a fi ránṣẹ́ sí ara wọn láti orílẹ̀-èdè kan sí òmíràn nípasẹ̀ ilé ìfìwéránṣẹ́. Wọ́n tún máa ń ṣe ìwé ìròyìn kéékèèké, tí wọ́n fi ẹ̀rọ fọtokópì tẹ̀, nínú èyí tí àwọn fúnra wọn ti ń ṣe lámèyítọ́ iṣẹ́ ara wọn. Ìpínrọ̀ kan ṣoṣo nínú irú ìwé bẹ́ẹ̀ lè mú kí ọmọ kan ní òkè òkun fi owó ránṣẹ́ ra kásẹ́ẹ̀tì kan, ó sì lè mú kí ó fi í sílẹ̀. Láti ìbẹ̀rẹ̀ pẹ̀pẹ̀, nígbà náà, ìdájọ́ ti jẹ́ ara orin yìí. Ẹni tí ó ń dájọ́ mọ̀ pé ọ̀rọ̀ òun yóò ran ẹnìkan lọ́wọ́ tàbí kí ó pa á lára.

Gbèsè kìíní: kí a gbọ́

Nígbà tí a kọ́kọ́ gbọ́ àwo Reign in Blood tí Slayer ṣe ní 1986, ariwo ni a gbọ́. Orin 10 ni ó wà nínú rẹ̀, gbogbo rẹ̀ kò sì ju nǹkan bí ìṣẹ́jú 29 lọ. Síbẹ̀ ó rẹ̀ wá kí ó tó parí. A tún un gbọ́, a tún un gbọ́. Díẹ̀díẹ̀ ni ariwo náà bẹ̀rẹ̀ sí í pín sí ọ̀nà. A gbọ́ pé onílù kò kàn ń lu ohun tí ọwọ́ rẹ̀ bá bà: ẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì ń sọ ọ̀rọ̀ kan, ọwọ́ rẹ̀ ń sọ òmíràn, méjèèjì sì ń pàdé níbi tí wọ́n ti ṣàdéhùn. A gbọ́ bí orin ṣe ń sáré títí, tí ó sì ń ṣẹ́rí padà lójijì sí ìrìn wíwúwo, tí gbogbo wọn ń yí lẹ́ẹ̀kan náà bí ẹni pé ẹsẹ̀ kan ni wọ́n jọ ń lò. A wá mọ̀ pé kíkúrú àwo náà kì í ṣe àìní ọ̀rọ̀. Wọ́n ti gé gbogbo ohun tí kò wúlò kúrò.

Ohun tí ó dójú tì wá jù lọ ni ọ̀rọ̀ ohùn death metal. A ti sọ nínú ọkàn wa pé ènìyàn tí orí rẹ̀ pé kò lè máa kọrin báyìí. Bẹ́ẹ̀ ni àwa tí a dàgbà sí ilẹ̀ yìí mọ ohùn eégún. Nígbà tí ará ọ̀run bá jáde, kò ń fi ohùn tí a fi ń nájà sọ̀rọ̀. Ohùn rẹ̀ há, ó wúwo, inú ọ̀fun ni ó ti ń wá. Ọmọdé kankan ní ilé wa kò sì jẹ́ sọ pé baba kò mọ̀ ọ́n sọ. A mọ̀ pé ohùn náà rí bẹ́ẹ̀ nítorí pé ibi tí ó ti wá yàtọ̀ sí ibi tí àwa alààyè wà. A kò sọ pé bákan náà ni méjèèjì rí. Ọ̀kan jẹ́ ti àwọn baba ńlá àti ti ìbọ, èkejì jẹ́ eré àwọn ọ̀dọ́ lórí ìtàgé. Ohun tí a ń sọ ni pé ilé wa ti kọ́ etí wa tipẹ́ pé ohùn lè mọ̀ọ́mọ̀ kọ adùn sílẹ̀ nígbà tí ohun tí ó rù kì í ṣe ohun dídùn. Bẹ́ẹ̀ náà ni ti bàtá. Ẹni tí kò gbọ́ èdè rẹ̀, ìró tí ń ta sí ara wọn ni yóò gbọ́; ẹni tí ó mọ̀ ọ́n yóò gbọ́ oríkì. Púpọ̀ nínú àwọn àjèjì tí wọ́n kọ́kọ́ gbọ́ ìlù àwọn baba wa pè é ní ariwo. A ṣì ń bínú sí ọ̀rọ̀ náà títí di òní. Ọ̀rọ̀ yẹn kan náà ni a fi gègé pupa kọ sí ìwé ọmọ wa.

David Hume, ọmọ ilẹ̀ Scotland, kọ àròkọ kan ní 1757 lórí ohun tí ó ń mú kí ìdájọ́ ẹnìkan lórí ẹwà ṣeé gbára lé. Ó ní onídàájọ́ rere gbọ́dọ̀ ní òye tí ó mú. Ó gbọ́dọ̀ ti fi irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ dánra wò. Ó gbọ́dọ̀ ti fi ọ̀kan wé òmíràn. Ó sì gbọ́dọ̀ bọ́ ẹ̀tanú sílẹ̀. Àwọn tiwa ti sọ ọ́ ní kúkúrú: ọmọdé tí kò dé oko baba ẹlòmíràn rí ni ó ń sọ pé kò sí oko tí ó tóbi tó ti baba òun. Nínú àwọn ohun tí Hume kà sílẹ̀, a kò ní ẹyọ kan lọ́wọ́ ní ọjọ́ tí a kọ 6 sí ìwé yẹn.

Ẹnìkan lè bi wá pé: ṣé a ó wá gbọ́ gbogbo ohun tí ó wà láyé kí a tó lè sọ̀rọ̀ ni? Ayé kúrú, orin pọ̀. Ìdáhùn wa ni pé kò pọn dandan kí a gbọ́. Ẹni tí orin kò bá lára mu ní ẹ̀tọ́ láti pa á, kí ó sì bá tirẹ̀ lọ. Ó lè sọ pé «èmi kò fẹ́ràn rẹ̀», kò jẹ ẹnikẹ́ni ní àlàyé. Ṣùgbọ́n «èmi kò fẹ́ràn rẹ̀» àti «kò dára» kì í ṣe ọ̀rọ̀ kan náà. Ara mi ni èkíní ń sọ̀rọ̀ nípa rẹ̀. Iṣẹ́ ẹlòmíràn ni èkejì ń sọ̀rọ̀ nípa rẹ̀. Ìgbà tí a bá kọjá láti èkíní sí èkejì ni gbèsè bẹ̀rẹ̀. Olùkọ́, òbí, aṣáájú ìsìn àti oníwèé ìròyìn ni wọ́n sì máa ń kọjá jù lọ láìmọ̀, nítorí pé ọ̀rọ̀ wọn kì í dúró gẹ́gẹ́ bí ọ̀rọ̀ ẹnìkan. Bí ó ti jáde lẹ́nu wọn, ó di òfin.

Gbèsè kejì: kí a má fi àánú ṣe ìrẹ́jẹ

A tètè rò pé ẹni tí ó bá ti gbọ́ ti san gbèsè rẹ̀ tán. Kò rí bẹ́ẹ̀. Ìtàn ẹgbẹ́ Sepultura ni ó là wá lójú.

Ní 1984, àwọn ọ̀dọ́langba kan dá ẹgbẹ́ yìí sílẹ̀ ní ìlú Belo Horizonte, ní ilẹ̀ Bràsíìlì, nígbà tí ìjọba ológun ibẹ̀ ń lọ sópin. Tẹ̀gbọ́n tàbúrò kan, Max àti Igor Cavalera, ni wọ́n ṣe òpó rẹ̀. Ilé iṣẹ́ kékeré kan ní ìlú wọn, Cogumelo, ni ó kọ́kọ́ gbé iṣẹ́ wọn jáde: Bestial Devastation ní 1985, tí wọ́n jọ pín àwo kan pẹ̀lú ẹgbẹ́ mìíràn, àti Morbid Visions ní 1986. Ẹni tí ó bá gbọ́ Morbid Visions yóò gbọ́ gìtá tí ohùn wọn kò bára mu, àti ìgbohùnsílẹ̀ tí ó rí bí ẹni pé inú àgbá ni wọ́n ti ṣe é. Owó kò sí, ìmọ̀ kò tíì tó. Ṣùgbọ́n ìgboyà wà níbẹ̀ tí owó kò lè rà.

Báwo ni a ó ṣe dá irú àwo yìí lẹ́jọ́? Ọ̀nà méjì ni ó tètè máa ń wá sí ọkàn. Èkíní ni kí a fi í wé iṣẹ́ àwọn ọlọ́rọ̀, kí a sì jù ú nù. Èkejì ni kí a ṣàánú rẹ̀, kí a ní: «Wọ́n gbìyànjú, ọmọdé ni wọ́n, tálákà ni wọ́n, ó dára bẹ́ẹ̀.» Èkejì yìí dà bí inú rere. Nínú àwọn lámèyítọ́ orin abẹ́lẹ̀, àwọn kan wà tí wọ́n sọ ọ́ di ẹ̀sìn: bí ìgbohùnsílẹ̀ bá ti burú tó ni wọ́n ṣe ń yìn ín tó, bí ènìyàn tí ó mọ àwo kan bá ti kéré tó ni iyì rẹ̀ ṣe ń ga tó lójú wọn. Ní ọjọ́ tí ẹgbẹ́ náà bá wá rí owó, tí ó sì kọ́ iṣẹ́ sí i, wọn a ní ó ti dalẹ̀.

Ọ̀nà méjèèjì ni ó kọ̀ láti gbọ́. Ẹni tí ń fojú tẹ́ńbẹ́lú iṣẹ́ náà kò gbọ́ ohun tí ó wà níbẹ̀. Ẹni tí ń ṣàánú rẹ̀ kò gbọ́ ohun tí kò sí níbẹ̀. Àwọn ọmọ Cavalera fúnra wọn kò ṣàánú ara wọn. Wọ́n kọ́ṣẹ́. Wọ́n ṣe Beneath the Remains, tí ó jáde ní 1989, ní Rio de Janeiro, Scott Burns tí ó ń ṣiṣẹ́ ní Morrisound sì wá láti Florida láti bá wọn gbà á sílẹ̀. Fún Arise, ní 1991, àwọn ni wọ́n lọ bá a ní Tampa. Ẹni tí ó bá gbọ́ àwo méjèèjì lẹ́yìn Morbid Visions yóò mọ̀ pé àwọn ọmọ náà ti mọ ohun tí ó kù fún wọn tipẹ́, kì í ṣe ìyìn ni wọ́n ń wá. Ó sì yẹ fún àkíyèsí pé ní 2023, lẹ́yìn nǹkan bí ọdún 37, Max àti Igor padà lọ tún Bestial Devastation àti Morbid Visions gbà sílẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀. Bí iṣẹ́ àkọ́kọ́ náà kò bá ní ìlera kankan, kí ni wọ́n ń padà lọ wá níbẹ̀? Bí ó bá sì pé pérépéré, kí ni wọ́n ń tún ṣe? Ìdájọ́ òtítọ́ lórí Morbid Visions gba kí a sọ ọ̀rọ̀ méjèèjì papọ̀: iṣẹ́ náà ní ẹ̀mí, ọwọ́ kò sì tíì tó. Ẹni tí ó bá sọ ọ̀kan tí ó fi èkejì pamọ́ ti rẹ́ oníṣẹ́ jẹ.

Ìdí nìyí tí ìbéèrè nípa ète oníṣẹ́ fi ṣe pàtàkì. Kí a tó sọ pé iṣẹ́ kan kùnà, ó yẹ kí a mọ ibi tí ó ń lọ. Bí ẹnìkan bá ń hun ẹní, a kò ní bá a wí pé kò gba omi dúró. Ṣùgbọ́n bí ẹní náà bá já ní ọjọ́ kẹta, a gbọ́dọ̀ sọ fún un pé ẹní já. Nígbà tí Sepultura lọ bá àwọn ará Xavante, tí wọ́n tún pe Carlinhos Brown, onílù láti Salvador ní Bahia, fún àwo Roots ní 1996, àwọn olólùfẹ́ àtijọ́ kan kígbe pé èyí kì í ṣe death metal mọ́. Òótọ́ ni, kì í sì ṣe ohun tí àwo náà ń wá nìyẹn. Ìbéèrè tí ó tọ́ ni bóyá ìlù àti gìtá bá ara wọn sọ̀rọ̀ níbẹ̀. Àwa tí a mọ̀ pé Salvador jẹ́ ọ̀kan lára ìlú tí ìlù àwọn baba wa kò tíì dákẹ́ ní òkè òkun yóò fẹ́ yára dáhùn pé bẹ́ẹ̀ ni. Ó yẹ kí a kọ́kọ́ gbọ́.

Gbèsè kẹta: kí a bi í nípa ìwà

Ìwà lẹwà. Ẹni tí ó bá gbọ́ wa títí dé ibí lè rò pé ọgbọ́n ọwọ́ nìkan ni a fẹ́ kí wọ́n máa wò, kí a sì gbàgbé ohun tí orin ń sọ. A kò fẹ́ bẹ́ẹ̀. Ìbéèrè ìwà wà, ó sì wúwo. Ohun tí a ń sọ ni pé ìkẹyìn ni ó yẹ kí ó wá, nítorí pé ẹni tí ó bá fi í ṣáájú kì í gbọ́ ìyókù. Ẹrù ẹlòmíràn ni yóò máa dì lé orí ẹni tí kò jẹ̀bi, gẹ́gẹ́ bí àwọn tí ń ka sísun ṣọ́ọ̀ṣì ní Norway ní àwọn ọdún 1990 sí death metal lọ́rùn, nígbà tí ó jẹ́ pé àwọn ọ̀dọ́ inú black metal ni ó ṣe é, orin tí ó yàtọ̀.

Ẹ jẹ́ kí a mú ẹjọ́ kan tí ó le. Orin àkọ́kọ́ nínú Reign in Blood dá lórí Josef Mengele, dókítà ẹgbẹ́ Nazi tí ó fi ara àwọn ẹlẹ́wọ̀n ṣe àdánwò ní Auschwitz. Nítorí rẹ̀ ni ilé iṣẹ́ Columbia fi kọ̀ láti pín àwo náà; Geffen ni ó pín in. Wọ́n fi ẹ̀sùn kan ẹgbẹ́ náà pé wọ́n ń yin ìkà, àwọn náà sì sẹ́ ẹ. Ẹni tí ó bá tẹ́tí sí orin náà yóò rí i pé ó ń ka ìwà ìkà náà sílẹ̀ láìsọ pé ó burú. Ṣé dídákẹ́ yìí jẹ́ ìyìn? Ní tiwa, a kò gbà bẹ́ẹ̀. Ẹni tí ó bá ya àwòrán iná kò sun ilé. Bẹ́ẹ̀ a kò sì lè sọ pé dídákẹ́ náà kò ná ẹnikẹ́ni ní ohunkóhun: ní 1986, àwọn tí wọ́n bọ́ lọ́wọ́ Mengele ṣì wà láàyè, etí wọn sì wà nínú ayé. Ìdájọ́ wa ni pé ọgbọ́n inú orin náà ga, ẹ̀rù tí ó ń dá sí ni lára sì bá ohun tí ó ń sọ mu. Ṣùgbọ́n ó yẹ kí ẹni tí ó bá fi ìyà àwọn tí ó ti jìyà lóòótọ́ ṣe orin mọ̀ pé òun jẹ wọ́n ní nǹkan.

Ẹjọ́ mìíràn wà tí a kò ṣiyèméjì lórí rẹ̀. Nínú àwọn àwo àkọ́kọ́ ti Cannibal Corpse, ẹgbẹ́ kan láti Buffalo ní Amẹ́ríkà, àwọn orin wà tí kò ní ju bí wọ́n ṣe ń pa obìnrin lára lọ, pẹ̀lú ìgbádùn. Ní Jámánì, a kò gbà kí wọ́n kọ orin inú àwo mẹ́ta àkọ́kọ́ wọn lórí ìtàgé títí di 2006. A kò gbèjà ìfòfindè, nítorí pé ó máa ń mú kí ohun búburú dùn lẹ́nu ọ̀dọ́. Ṣùgbọ́n a gbọ́ àwọn orin náà, a sì lè sọ pé onílù mọṣẹ́, gìtá péye, ọ̀rọ̀ náà sì ń tini lójú. Ọ̀fẹ̀ kò sí fún ọgbọ́n ọwọ́. Ẹ wo ẹ̀fẹ̀ tí wọ́n máa ń kọ ní òru ní Kétu kí Gẹ̀lẹ̀dẹ́ tó jáde ní ọ̀sán: ọ̀rọ̀ burúkú wà nínú rẹ̀, èébú wà nínú rẹ̀, kò sì sí ẹni tí ó ga jù fún un. Síbẹ̀ a mọ ẹni tí ọ̀rọ̀ kíkorò náà ń sìn: ìlú ni ó ń sìn, kí ó lè tòrò. Ìbéèrè tí ó yẹ kí a bi orin kíkorò kọ̀ọ̀kan nìyí: ta ni kíkorò rẹ ń sìn?

Bí ó bá wá jẹ́ ọmọ ilé wa ńkọ́?

Ìdánwò ìkẹyìn sún mọ́ wa gan-an. Ní Lomé, ẹgbẹ́ kan wà tí ń jẹ́ Arka'n Asrafokor, tí Kodzo Rock Ahavi ń ṣáájú. Wọ́n ń fi èdè Ewe, Faransé àti Gẹ̀ẹ́sì kọ orin mẹ́tàlì, wọ́n sì ń da ìlù àti ohun èlò ìbílẹ̀ wọn pọ̀ mọ́ gìtá. Àwo Za Keli jáde ní 2019, Dzikkuh sì jáde ní 2024. Nígbà tí a kọ́kọ́ gbọ́ wọn, orí wa wú. A ti múra láti yìn wọ́n kí orin àkọ́kọ́ tó parí, nítorí pé ará itòsí wa ni wọ́n.

Ibẹ̀ ni a ti rántí Morbid Visions. Ìyìn tí a fún ènìyàn nítorí ìlú rẹ̀ kì í ṣe ìyìn iṣẹ́ rẹ̀. Ó kàn ń sọ fún un pé a kò retí ohun púpọ̀ lọ́wọ́ rẹ̀ ni. Nítorí náà a gbọ́ wọn bí a ti gbọ́ àwọn ará Tampa. A bi wọ́n ní ìbéèrè kan náà: ṣé ìlù ilé ni ó ń darí gìtá, tàbí wọ́n kàn fi í kọ́ ọrùn gìtá bí ìlẹ̀kẹ̀? Níbi tí ìlù bá ti ń darí, orin náà ní agbára tí a kò gbọ́ ní ibòmíràn. Níbi tí ó bá ti di ẹ̀ṣọ́ lásán, ó ń rọlẹ̀. Inú wa dùn láti sọ pé a gbọ́ ti àkọ́kọ́ ju ti èkejì lọ. Inú wa dùn sí i nítorí pé a ti gbọ́ kí a tó sọ ọ́.

A pe ọmọ wa náà padà. A ka ojú ìwé mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, lọ́tẹ̀ yìí láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, a sì fún un ní 13. A kò fún un ní 18 láti fi tù ú nínú, nítorí pé ó yin ohun gbogbo nínú àwo náà, kò sì fi í wé òmíràn kankan. A ṣàlàyé èyí fún un. Ó bá wa jiyàn lórí 13 náà fún bí ìdajì wákàtí, ó ń fi ìka lu etí tábìlì láti fi hàn wá ibi tí a kò ti gbọ́ dáadáa. Ibi kan wà tí ó jàre.

A lọ sí ilé baba rẹ̀ pẹ̀lú, láti tọrọ àforíjì. Ó gbà wá tọ̀yàyàtọ̀yàyà, ó fún wa ní omi mu, ó sì gbọ́ gbogbo ohun tí a wá sọ. Nígbà tí a parí, ó wo ilẹ̀, ó ní: «Ọ̀gá, ẹ̀yin lẹ sọ pé kì í ṣe orin.» Kò sọ ju bẹ́ẹ̀ lọ. A kò rí nǹkan fi dá a lóhùn.

Orin mẹ́fà náà kò padà wá. A kò mọ̀ bóyá wọ́n dára, a kò sì ní mọ̀ láéláé. Àwọn nìkan ni a kò lè san gbèsè wọn mọ́. Ẹ̀yin òbí, ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ wa olùkọ́, gègé pupa wà lọ́wọ́ gbogbo wa. Kí ó tó kan ìwé, ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ bi ara wa ní ìbéèrè tí ọmọ náà bi wá: «Ṣé ẹ ti gbọ́ ọ?»